Ẹgbẹ́ Bàálù Kì í Ṣe Ẹgbẹ́ Kẹ̀kẹ́

Èmi ni mo jẹ̀bi. Kì í ṣe bàálù, kì í ṣe yìnyín, kì í sì í ṣe obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní kí n yan ẹgbẹ́, mo yan ẹgbẹ́ bí ọmọdé ṣe ń yan bàtà ọdún: èyí tó ń dán ni mo nawọ́ sí. N kò bi ara mi léèrè ibi tí ẹsẹ̀ mi ń lọ. Àbúrò mi obìnrin ló sì jìyà rẹ̀.

Kí n tó kúrò ní Minna, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò ni mo ń wà. Ìdúró wa wà ní Tunga. Ìwé mi kò pọ̀. Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí bàbá wa kú, mo sì ti ibẹ̀ bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, àbúrò bàbá wa, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, dé láti Ìlọrin. Ó jókòó sórí ẹní nílé wa ní Maitumbi, ó jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní kí àbúrò mi Rúkáyà má lọ sílé ìwé mọ́. Òun ti rí ọkọ fún un, ọ̀rẹ́ òun kan báyìí. Rúkáyà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, ó ń gbọ́.

Umma, ìyá wa, tẹ orí ba. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, kò lè dá a lóhùn. Èmi ni mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n ó máa rán an lọ sílé ìwé."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́."

"Kẹ̀kẹ́!" Ó wo Umma, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé ò ń gbọ́ ọmọ rẹ? Kẹ̀kẹ́ ló fẹ́ fi tọ́ ọmọ."

Mo fi kẹ̀kẹ́ tọ́ ọ. Rúkáyà kàwé, ó di nọ́ọ̀sì.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu Rúkáyà, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa parí sí. Àwa tí wọ́n bí sí Minna, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Hausa kò sì mọ "ẹ" tí a fi ń kí àgbà. Bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí náà Rúkáyà ń pè mí ní Yàyá, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n "o" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. "Yàyá, o ti jẹun? Yàyá, o ò gbọ́ ni?" Bí àlejò bá ti Ìlọrin wá, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀. Umma á ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre, Hausa ló ń sọ, ó kàn da Yorùbá bò ó ni." Kò dùn mí rí. Ìgbà tí mo wá sí Kánádà ni mo mọ̀ pé "o" yẹn ni ilé mi.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní tí mo wọ bọ́ọ̀sì níbí, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀. "Salaamu alaykum," bí a ṣe máa ń ṣe tí a bá wọ kẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló wò mí láti inú dígí, bóyá ó rò pé mo fẹ́ bèèrè ọ̀nà. Mo jókòó, mo wo bàtà mi títí mo fi dé ibi tí mo ń lọ.

Ilé iṣẹ́ ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Màlúù á gba orí irin kọjá níwájú wa, oníkálukú á gé ibi tirẹ̀. Èjìká ni tèmi. Òtútù inú ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìta. Ní àsìkò ìsinmi, n ó bọ́ ìbọ̀wọ́, n ó fẹ́ èémí sí ìka mi kí n lè fi tẹ ojú fóònù, Rúkáyà á sì ti pè.

"Yàyá, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Irọ́ lò ń pa. Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì."

"Haba! Búrẹ́dì ni oúnjẹ? Àgbàlagbà bíi tìẹ!"

N ó rẹ́rìn-ín, n ó padà sídìí èjìká màlúù.

Àńtí Bísí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ máìlì fún mi. Ọmọ Èkìtì ni, ẹsẹ̀ màlúù ló ń gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń sọ fún un ní kántíìnì pé owó bàálù ni kò jẹ́ kí n lè lọ sílé. Ó ní ṣé n kò ń kó máìlì jọ ni? Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Bí o bá ṣe ń rìn nínú bàálù ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n á máa ka ìrìn rẹ fún ọ. Káàdì báńkì pàápàá wà tó ń bí máìlì bí o bá fi ra nǹkan. Tó bá pọ̀ tó, wọ́n á gbé ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n o ní láti yan ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta ló wà. Bàálù tó bá wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, máìlì ọ̀kan á wúlò lọ́dọ̀ èkejì. Àwọn kan sì wà tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹgbẹ́."

Inú mi dùn. "Ó yé mi, Àńtí. Bí ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ ni."

"Èwo tún ni ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ní Tunga, bí kẹ̀kẹ́ mi bá kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ kọjá á dúró. N ó ní, "Bá mi gbé wọn," á gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́. Lọ́la, á ṣẹlẹ̀ sí òun náà, èmi náà á gbé tirẹ̀. Èrò kì í sùn sọ́nà. Ìyẹn ni ẹgbẹ́.

Àńtí Bísí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ Minna! O rò pé bàálù ní alága ìdúró? Gbọ́ o, èmi ò wo ẹgbẹ́. Bàálù tó bá ń balẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, òun ni mo ń bá ṣọ̀rẹ́."

N kò gbọ́. Mo dé yàrá mi, mo ṣí fóònù. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ní bàálù tó ń lọ sí Abuja tààrà láti Yúróòpù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n fi síbẹ̀ kò wù mí. Ẹgbẹ́ kejì ni mo wọ̀. Bàálù tirẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ya àwòrán yàrá ìsinmi wọn síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní lọ́ńjì: àga aláwọ, èso nínú àwo, obìnrin kan ń bu omi ọsàn fún ọkùnrin tó na ẹsẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá ń rìn léraléra, wọ́n á fún mi ní káàdì fàdákà. Mo rí ara mi pẹ̀lú káàdì yẹn ní ìdúró wa ní Tunga, tí mo ń fi han àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo di ọmọ ẹgbẹ́.

Mo máa ń ronú nípa bọ́tìnnì yẹn. Nílé, ẹnikẹ́ni kò bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mo fẹ́. Wọ́n bí mi sínú ọ̀kan, mo sì bá òmíràn nínú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ti jẹun pẹ̀lú rẹ mọ ìyá rẹ. Níbí, ẹgbẹ́ mọ orúkọ mi, ó mọ ọjọ́ ìbí mi, ó ń kí mi lọ́jọ́ náà ju àwọn èèyàn mi lọ. Èmi sì nìyẹn, ọkùnrin tí kò sẹ́ni tó dá kíkí rẹ̀ lóhùn nínú bọ́ọ̀sì, inú mi ń dùn pé ẹnìkan ń kí mi.

Mo gba káàdì báńkì tó ń bí máìlì. Táyà ọkọ̀, ìrẹsì, fóònù, ohunkóhun tí àwọn ará ibi iṣẹ́ bá fẹ́ rà, n ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi káàdì mi rà á, kí ẹ fún mi lówó." Àńtí Bísí sọ mí ní Alhaji Máìlì. Ọdún méjì kọjá, máìlì mi pọ̀ débi pé mo ń lá àlá rẹ̀ lójú oorun.

Lẹ́yìn náà ni Rúkáyà pè.

"Yàyá, wọ́n ti wá ṣe sa rana."

Sa rana ni ọjọ́ dídá ìgbéyàwó. Hausa ló ni ín, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ń ṣe é ní Minna. Ìdílé ọkọ á gbé obì wá, wọ́n á dá ọjọ́ níwájú àgbà, wọ́n á pín obì káàkiri àdúgbò. Bí obì bá ti dé ẹnu èèyàn, ọjọ́ ti dúró nìyẹn. Ndagi ni orúkọ ọkọ rẹ̀, Núpé ni, olùkọ́ ni. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

"Yàyá, ìwọ lo máa fi mí fún wọn o. Tí o ò bá wá, Bàbá Kékeré ni wọ́n máa gbé jókòó. N ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu yẹn ni wọ́n ti máa gbọ́ orúkọ mi lọ́jọ́ yìgì mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. N ó wá."

"Fi Ọlọ́run búra."

"Wallahi, n ó wá."

Nínú ẹ̀sìn wa, obìnrin gbọ́dọ̀ ní wálì, ẹni tó máa fi í fún ọkọ lójú ìmáàmù. Bàbá wa kò sí, èmi ló kàn. Nígbà tí mo sọ fún Àńtí Bísí pé èmi ni wálì àbúrò mi, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Wòlíì? Ìwọ tí o kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà wo lo di wòlíì?" Gbogbo èèyàn tó gbọ́ Yorùbá lórí ìlà wa bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mo ń fi gbólóhùn tí mo máa sọ kọ́ra nídìí màlúù: "Mo fi àbúrò mi Rúkáyà fún Ndagi." Mo ń sọ ọ́ kíkankíkan, mo ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fẹ́ kó dùn létí.

Mo ṣí fóònù láti fi máìlì gba ìjókòó. Kò sí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó yẹn, ẹgbẹ́ mi kò ní ìjókòó ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo tó ń lọ sí Abuja. Bàálù ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, èyí tí mo fi sílẹ̀, ní ìjókòó lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gan-an, tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń sanwó rẹ̀. Mo ní owó náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nílé wa, ìdílé ìyàwó ló ń ra kayan ɗaki, ibùsùn, àga àti ohun inú yàrá ọmọ wọn, mo sì ti ṣèlérí pé èmi ni n ó rà á. Mo sọ fún ara mi pé nítorí kayan ɗaki ni. Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo òtítọ́, torí ẹran ibi iṣẹ́ wa kì í tán, mo lè gba àfikún iṣẹ́. Ohun tó wà nínú mi ni pé mo ti kó máìlì fún ọdún méjì, mo sì fẹ́ dé Minna kí n sọ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé mi wá.

Mo pe Umma pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú díẹ̀.

Ó ní, "Obì ti pín, ọmọ mi."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Umma."

Ó lọ bẹ̀ wọ́n ní Sauka Kahuta, níbi tí bàbá Ndagi ń gbé. Wọ́n gbà, wọ́n tún pín obì mìíràn. Ṣùgbọ́n Umma ní bí òun ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bàbá náà ní, "Hajiya, ẹ dákun, ta ló ń fẹ́ ọmọ yín gan-an, ṣé Ndagi ni àbí bàálù?" Ó rẹ́rìn-ín sí i. Umma náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ fún mi bí àwàdà. Mo gbà á bí àwàdà.

Fún ọjọ́ tuntun tí wọ́n dá yẹn, mo rí ìjókòó ọ̀fẹ́ dé Yúróòpù nìkan. Láti ibẹ̀ dé Abuja, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ bàálù mìíràn nínú ẹgbẹ́ kan náà. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì kò pọ̀, àyà mi kò sì já. Ṣebí ẹgbẹ́ ni wọ́n? Bí tibí bá pẹ́, tọ̀hún á gbé mi.

Yìnyín bọ́ lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Bàálù wa jókòó sílẹ̀ títí wọ́n fi fọ yìnyín kúrò lára ìyẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé Yúróòpù lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, èkejì ti gbéra. Mo sáré lọ sídìí tábìlì.

"Tíkẹ́ẹ̀tì yín parí síbí," obìnrin náà wí.

"Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì méjì lẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó ń lọ sí Abuja ò mọ̀ pé ẹ wà nínú tiwa."

Mo sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fún un. Lóòótọ́ ni mo sọ ọ́, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì mi yìí: bí kẹ̀kẹ́ bá kú sọ́nà. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ó dára gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa."

Ilẹ̀ mọ́ bá mi níbẹ̀ ní Sátidé, ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo ti sọ fún Umma pé alẹ́ ni n ó tó dé. Umma ní ìdílé ọkọ sọ pé àwọn kò ní dá ọjọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú á ti àwọn. Ní àárọ̀ yẹn mo wà nídìí tábìlì bàálù kejì, mò ń bá wọn jà pé kí wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì àná lọ́wọ́ mi. Fóònù ń gbọ̀n nínú àpò mi. Mo jẹ́ kó máa gbọ̀n. Mo rò pé bí mo bá yíjú, ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì náà á pe ẹni tó tẹ̀lé mi. N kò borí. Mo san owó tuntun, ó ju èyí tí mo sá fún lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìyá yín ń gbé, kí ẹ wo bàálù tó ń balẹ̀ sí tòsí rẹ̀, kí ẹ tó wo ẹgbẹ́. Ẹ bèèrè bóyá ìjókòó ọ̀fẹ́ máa ń wà lásìkò ìgbéyàwó àti ọdún, torí ìgbà yẹn lẹ máa nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìrìn yín wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ tàbí àìsí ẹgbẹ́. Máìlì dára. Èmi ni mo sọ ọ́ di ilé.

Káàdì báńkì mi ń ṣílẹ̀kùn lọ́ńjì. Mo wọlé kí n lè jókòó pe Umma padà. Àga aláwọ wà níbẹ̀. Èso wà nínú àwo. Ó rí bí àwòrán yẹn ṣe rí gẹ́lẹ́.

Umma gbé e, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Níbo lo wà? Ìmáàmù ní kí n pè ọ́, pé o lè fẹnu ara rẹ fi ẹlòmíràn sípò rẹ lórí fóònù, ẹnikẹ́ni tó bá wù ọ́. Wọ́n dúró, wọ́n dúró. Rúkáyà ní kí wọ́n ṣáà máa dúró. Bàbá Kékeré ti jókòó báyìí."

"Umma, ẹ gbé fóònù fún ìmáàmù."

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Gbọ́."

Ó gbé fóònù sókè. Mo gbọ́ ìró àwọn èèyàn, mo gbọ́ ọmọ tó ń sunkún, mo gbọ́ ìmáàmù. Lẹ́yìn náà ohùn Bàbá Kékeré jáde, ó dún kedere ju ti gbogbo wọn lọ.

"Mo fi Rúkáyà, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́, fún Ndagi."

Gbogbo èèyàn ní, "Àmín." Obìnrin kan dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú omi ọsàn nínú ìgò, ó bi mí bóyá kí òun bu díẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo dé Maitumbi lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti mú Rúkáyà lọ sílé ọkọ ní Sauka Kahuta. Ọjọ́ kejì ni mo lọ kí i. Àga tí mo rà wà ní pálọ̀, ọ̀rá ilé ìtajà ṣì wà lára wọn. Ndagi dìde, ó fún mi ní ọwọ́ méjèèjì, ó kí mi káàbọ̀, "Sannu da zuwa, Yàyá," ó sì jáde kí a lè sọ̀rọ̀. Mo retí kí Rúkáyà bú mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ó jáde láti inú yàrá pẹ̀lú omi lórí àwo pẹrẹsẹ, bí wọ́n ṣe ń gbé e fún àlejò. Ó kúnlẹ̀.

"Yàyá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ dé dáadáa?"

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Rúkáyà, jọ̀ọ́, èmi ni."

"Mo mọ̀, Yàyá. Ẹ jókòó. Ẹ ṣeun fún àga, ó lẹ́wà gan-an."

"Ó yẹ kí n gbé fóònù yẹn."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọlọ́run ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Umma sọ pé ìgbéyàwó ló sọ ọ́ di àgbà, pé ẹ̀kọ́ tí òun ti ń kọ́ ọ láti kékeré ló wọlé níkẹyìn. Inú rẹ̀ dùn. Àwọn ará Ìlọrin náà yìn ín. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn tí mo padà sídìí èjìká màlúù, ẹgbẹ́ mi fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo sanwó rẹ̀ dé Abuja ló mú kí máìlì mi pé. Wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n ní mo ti di ọmọ ẹgbẹ́ onífàdákà. Káàdì náà dé nínú àpòòwé. N kò tíì fi han ẹnikẹ́ni.

Rúkáyà ṣì máa ń pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní àsìkò ìsinmi, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fẹ́ èémí sí ìka mi.

"Yàyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Mo dúró kó sọ pé irọ́ ni mò ń pa.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ máa tọ́jú ara yín."

Ó pa fóònù. Agogo iṣẹ́ lù, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Gbólóhùn yẹn ṣì wà lẹ́nu mi, mo ṣì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ọ̀bẹ: Mo fi àbúrò mi Rúkáyà fún Ndagi. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè rẹ̀, kò sì sí ìmáàmù tó máa tún jókòó gbọ́ ọ.